Kahoʻolawe: Ìdí tí gbígbin igi sí erékùṣù kan fi gbà ju ọkọ́ àti omi lọ

Nínú erékùṣù ńlá mẹ́jọ tó para pọ̀ di Hawaii, Kahoʻolawe ló kéré jù. Kò sí ìlú níbẹ̀, kò sí ọjà, kò sí ẹni tó fi ibẹ̀ ṣe ilé. Bẹ́ẹ̀, kìlómítà 11 péré ni omi tó wà láàárín òun àti Maui, níbi tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ti ń san owó gọbọi láti sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì etíkun. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí i lọ́ọ̀ọ́kán: ilẹ̀ pupa kan tó nà gbọọrọ lójú òkun. Pupa yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ilẹ̀ tí igi àti koríko bò nígbà kan rí ni, kí erùpẹ̀ ọlọ́ràá orí rẹ̀ tó ṣí lọ, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó gan, tó le, wá bọ́ síta.

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti dá erékùṣù náà padà fún ìpínlẹ̀ Hawaii ní ọdún 1994, àwọn èèyàn ti ń yọ̀ǹda ara wọn láti lọ gbin igi síbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wà lára wọn, olùkọ́, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ ìbílẹ̀ àti àlejò. Ohun tí wọ́n ti gbìn pọ̀ jọjọ. Síbẹ̀, ẹni tó bá wo Kahoʻolawe láti Maui lónìí ṣì máa rí ilẹ̀ pupa. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń béèrè pé ṣé iṣẹ́ náà tiẹ̀ ń lọ síwájú.

Ó ń lọ síwájú. Àmọ́ ká tó lè lóye bó ṣe ń lọ, a ní láti gbà pé igi gbígbìn ló rọrùn jù nínú gbogbo ohun tí erékùṣù náà ń fẹ́. Ohun tó pa igbó àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ ná. Omi gbọ́dọ̀ wà. Owó gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tó gbìn ín, tàbí ẹlòmíì tó rọ́pò rẹ̀, gbọ́dọ̀ padà wá wò ó.

Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ dé

Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Hawaii fi gbé Kahoʻolawe kí òyìnbó tó dé. Kanaloa, òrìṣà òkun, ni wọ́n ya erékùṣù náà sọ́tọ̀ fún. Ibẹ̀ ni àwọn atukọ̀ tó ń fi ìràwọ̀ mọ̀nà ti ń kọ́ṣẹ́, ọ̀nà omi tó wà ní ìwọ̀ oòrùn rẹ̀ sì ń jẹ́ Kealaikahiki, ìyẹn ọ̀nà Tahiti, títí dòní. Wọ́n ń gbin ọ̀dùnkún, wọ́n ń pẹja, wọ́n sì ń gbẹ́ òkúta àáké ní Puʻu Moiwi, ọ̀kan lára ibi ìgbẹ́ òkúta àáké tó tóbi jù ní gbogbo Hawaii.

Ní ọdún 1793, ọ̀gá ọkọ̀ òkun ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, George Vancouver, fi ewúrẹ́ ta Kahekili, ọba Maui, lọ́rẹ. Láti ara ẹ̀bùn yìí ni ewúrẹ́ ti dé Kahoʻolawe. Ewúrẹ́ tó bá wà ní irú erékùṣù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ewúrẹ́ ilé tí a so mọ́ èèkàn. Kò sí ẹranko tó ń pa á jẹ, kò sì sí ẹni tó ń lé e. Ó ń bí méjì méjì, ó ń jẹ ewé, ó ń bó èèpo igi, èyí tó sì burú jù ni pé kì í jẹ́ kí igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù dàgbà. Igi àgbà lè wà lórí ìdúró fún ọ̀pọ̀ ọdún bẹ́ẹ̀, kí ojú má sì tètè rí i pé igbó ti kú, nígbà tó jẹ́ pé kò ní àrólé mọ́.

Láti ọdún 1858 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yá ilẹ̀ náà fún àwọn tó ń sin àgùntàn àti màlúù. Nígbà tó di 1910, ìjọba rí i pé nǹkan ti bàjẹ́, wọ́n sì kéde pé igbó àìgbọdọ̀dá ni. Orí ìwé ni ìkéde náà wà. Ewúrẹ́ àti àgùntàn ṣì ń jẹko, àti pé ní 1918 wọ́n tún yá ibẹ̀ fún olówó màlúù mìíràn. Atẹ́gùn líle tó ń fẹ́ láti ìlà oòrùn láìdáwọ́ dúró wá bá ilẹ̀ tí kò láṣọ lára mọ́. Ó gbá erùpẹ̀ lọ sínú òkun. Bí òjò bá sì rọ̀, ọ̀gbàrá á wọ́ ìyókù lọ, á dà á bo òkìtì iyùn tó wà létí omi. Ìṣirò tí wọ́n sábà máa ń mẹ́nu bà ni pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 tọ́ọ̀nù erùpẹ̀ ló ń ṣí kúrò ní Kahoʻolawe lọ́dọọdún. Erékùṣù tí gbogbo rẹ̀ kò ju máìlì 45 níbùú lóròó lọ là ń sọ.

Lẹ́yìn ewúrẹ́, bọ́ǹbù

Lẹ́yìn tí Japan kọlu Pearl Harbor ní oṣù Kejìlá ọdún 1941, àwọn ológun Amẹ́ríkà gba gbogbo Kahoʻolawe, wọ́n sọ ọ́ di ibi ìdánrawò. Ogun parí ní 1945, àmọ́ bọ́ǹbù kò dáwọ́ dúró. Ní ọdún 1953, Ààrẹ Eisenhower fọwọ́ sí àṣẹ tó fi erékùṣù náà sábẹ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi, pẹ̀lú àdéhùn pé wọ́n á dá a padà ní ipò tí èèyàn fi lè gbé ibẹ̀ nígbà tí wọn kò bá lò ó mọ́. Ọkọ̀ ogun ń yìnbọn lù ú láti ojú omi, bàálù ń ju bọ́ǹbù sí i láti òkè. Ní ọdún 1965 wọ́n to ohun abúgbàù jọ sí etíkun rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, 500 tọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kan, láti wo bí ọkọ̀ ogun tó wà nítòsí ṣe máa fara da a. Kòtò tí ó gbẹ́ sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, omi ló kún inú rẹ̀.

Àwọn tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa igi nìkan máa ń fo apá ibí yìí. Èmi ò rò pé ó ṣeé fò. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kìíní ọdún 1976, àwọn èèyàn tó ju àádọ́ta lọ wọ ọkọ̀ kéékèèké láti Maui, wọ́n fẹ́ fẹsẹ̀ ara wọn tẹ Kahoʻolawe kí ayé lè gbọ́. Àwọn aláṣẹ dá ọ̀pọ̀ wọn padà lójú omi. Mẹ́sàn-án dé ilẹ̀. Noa Emmett Aluli, dókítà ìṣègùn, àti Walter Ritte wà lára wọn. Láti ara ìrìn yẹn ni ẹgbẹ́ Protect Kahoʻolawe ʻOhana ti jáde. Wọ́n pe ìjọba lẹ́jọ́, wọ́n ń padà lọ léraléra, wọ́n ń sùn síbẹ̀ lábẹ́ ewu bọ́ǹbù. Ní oṣù Kẹta ọdún 1977, George Helm, olórin tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn aṣáájú wọn, àti Kimo Mitchell sọnù sójú òkun nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti erékùṣù náà. A kò rí wọn títí dòní.

Ní 1980, ìpinnu ilé ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ náà àti àwọn ológun jọ fọwọ́ sí fún wọn láyè láti máa wọ erékùṣù náà fún ẹ̀sìn àti àṣà, ó sì di dandan fún àwọn ológun láti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilẹ̀ ṣe àti láti kó ewúrẹ́ kúrò. Ààrẹ George H. W. Bush pàṣẹ ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹwàá ọdún 1990 pé kí bọ́ǹbù dúró. Nígbà tó fi máa di 1993, ewúrẹ́ ti tán pátápátá. Ọdún yẹn náà ni ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Washington gbà láti fi 400 mílíọ̀nù dọ́là ṣe ìmọ́tótó, tí ìpínlẹ̀ Hawaii sì dá àjọ kan sílẹ̀, Kahoʻolawe Island Reserve Commission, láti máa bójú tó ibẹ̀.

Owó náà pọ̀ létí, ṣùgbọ́n kò tó. Nígbà tí iṣẹ́ ìmọ́tótó parí ní nǹkan bíi 2003 sí 2004, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin erékùṣù ni wọ́n ti ṣa bọ́ǹbù orí ilẹ̀ kúrò níbẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ni wọ́n yẹ̀ wò wọ inú ilẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Ìdá kan nínú mẹ́rin tó kù, wọn ò fọwọ́ kàn án rárá.

Bí wọ́n ṣe ń gbin igi sí ibi tí a kò gbọdọ̀ gbẹ́

Ìṣirò bọ́ǹbù yìí ló ń pinnu ibi tí igi máa wà. Ibi tí wọ́n ti yẹ inú ilẹ̀ wò, èèyàn lè gbẹ́ ihò, kó sì gbin nǹkan bí gbogbo ayé ṣe ń gbìn. Ibi tó jẹ́ orí ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣà, ọkọ́ kò gbọdọ̀ wọlẹ̀. Kí wá ni ṣíṣe? Wọ́n á gbé ìdì koríko pili gbígbẹ tí wọ́n ti gbìn tí wọ́n sì dì ní Molokaʻi wá, wọ́n á tò ó dábùú ojú ọ̀nà ọ̀gbàrá. Koríko náà á dí eré omi lọ́wọ́, á sì gba erùpẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbé kọjá. Èso pili tó wà nínú ìdì náà á hù. Níbòmíràn, wọ́n á kó erùpẹ̀ jọ bí ebè sórí ilẹ̀ líle yẹn, wọ́n á fi koríko gbígbẹ sé e yíká, wọ́n á sì gbin igi sínú ebè. Gbòǹgbò ló máa wá ọ̀nà tirẹ̀ lọ sísàlẹ̀ bó bá yá.

Ìrìn àjò débẹ̀ náà kì í ṣe kékeré. Àwọn tó bá bá ẹgbẹ́ ʻOhana lọ máa ń wọkọ̀ ní Maui lówùúrọ̀ kùtùkùtù, kí atẹ́gùn tó gbòde. Kò sí èbúté ní Hakioawa tí wọ́n ń lọ. Ọkọ̀ á dúró lójú omi, wọ́n á bẹ́ sínú òkun, wọ́n á tò láti ibi tí omi ti mù wọ́n dé àyà títí dé iyanrìn, wọ́n á sì máa gbé ẹrù láti ọwọ́ dé ọwọ́: oúnjẹ, omi mímu, irinṣẹ́, aṣọ, gbogbo rẹ̀ nínú àpò tí omi kò lè ráyè wọ̀. Àwọn tó bá tẹ̀ lé àjọ ìpínlẹ̀ máa ń dé sí Honokanaiʻa ní apá kejì erékùṣù, níbi tí ibùdó àtijọ́ àwọn ológun wà. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ́, wọ́n á kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ìmọ̀ nípa bọ́ǹbù: irin yòówù tí o bá rí nílẹ̀, má fọwọ́ kàn án, pe ẹni tó mú ọ wá. Kò sí ẹni tó ń dá rìn kúrò lójú ọ̀nà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá gun òkè lọ síbi iṣẹ́, nínú oòrùn àti eruku pupa tó ń wọ ojú, tó ń wọ imú. Iṣẹ́ náà kò lẹ́wà bó ṣe máa ń rí nínú fọ́tò. Ẹnì kan ń kó páìpù omi, ẹnì kan ń fa koríko àjòjì tu, ẹnì kan ń gbé ìdì pili. Gbígbìn gan-an lè má gbà ju ìdajì ọjọ́ lọ. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ronú láti yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún irú iṣẹ́ báyìí níbikíbi mọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáájú, kó má baà rò pé wọ́n fi iṣẹ́ gidi pamọ́ fún òun.

Igi tí wọ́n sábà kọ́kọ́ ń gbìn ni ʻaʻaliʻi. Kò ga púpọ̀, àmọ́ ó le. Àwọn ọmọ Hawaii máa ń fi í ṣàpèjúwe ẹni tí atẹ́gùn kankan kò lè bì ṣubú. Bó bá ti fìdí múlẹ̀, abẹ́ rẹ̀ á tutù díẹ̀, ewé rẹ̀ á jábọ́, á jẹrà, àwọn igi tí kò lágbára tó o á wá ráyè hù lábẹ́ òjìji rẹ̀.

Wiliwili náà wà lára àwọn igi ilẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n fẹ́ kó padà. Ìbátan ológun-ṣẹ́ṣẹ́ tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wa mọ̀ dáadáa ni: ìdílé Erythrina ni àwọn méjèèjì ti wá. Ní ọdún 2005, agbọ́n kékeré kan tó ń mú kí ewé igi náà wú wọ Hawaii, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa wiliwili káàkiri gbogbo erékùṣù. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ìrànlọ́wọ́ ti wá. Àwọn onímọ̀ rí agbọ́n mìíràn ní Tanzania tó jẹ́ pé ọmọ agbọ́n àkọ́kọ́ yìí ni oúnjẹ rẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kó má baà di ìyọnu tuntun, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní 2008. Ọ̀pọ̀ wiliwili ló tún padà rúwé.

Ta ló ń fún un lómi?

Kahoʻolawe kò ga ju nǹkan bíi 450 mítà lọ. Ẹ̀yìn Haleakalā, òkè ńlá Maui, ló wà, òkè yẹn sì ti ń gba òjò kí ìkúùkù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ síbẹ̀ kò tó 650 mìlímítà lọ́dún, odò kankan kò sì ṣàn títí ọdún. Fún ìdí èyí, àsìkò òjò, láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, ni wọ́n ń gbìn jù. Wọ́n ń gbe omi òjò sínú táǹkì lórí òkè, wọ́n sì ń fi páìpù tó ń kán tótó tótó fún igi kọ̀ọ̀kan lómi títí yóò fi lè dá dúró.

Àwọn àgbà Hawaii sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀. Òjò kan wà tí wọ́n ń pè ní Nāulu. Ìkúùkù rẹ̀ máa ń kóra jọ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ʻUlupalakua ní Maui, á sì nà kọjá lórí omi bí afárá wá sí Kahoʻolawe. Nígbà tí wọ́n gé igbó ʻUlupalakua fún pápá màlúù, ìkúùkù náà dínkù. Ẹgbẹ́ ʻOhana gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ débi pé wọ́n kọ́ ojúbọ òjò sí ọ̀nà tí Nāulu ń gbà. Èmi gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà náà ní ìtumọ̀ tó kọjá ẹ̀sìn: erékùṣù kan kò lè dá sàn nígbà tí òkè tó ń fún un lójò ṣì wà ní ìhòòhò.

Ìdí nìyí tí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Auwahi fi ṣe pàtàkì. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Maui kan náà ni, lórí ilẹ̀ àwọn oní-màlúù ʻUlupalakua. Ní ọdún 1997, onímọ̀ nípa ẹ̀dá abẹ̀mí kan, Art Medeiros, àti àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn fi ọgbà yí ẹ́kà 10 ká kí màlúù má baà wọlé. Koríko kikuyu, tí wọ́n kó wá láti ìlà oòrùn Áfíríkà fún màlúù, ti bo ilẹ̀ ibẹ̀ bí ẹní, kò sì jẹ́ kí èso igi kankan fi gbòǹgbò kan ilẹ̀. Wọ́n pa á, wọ́n gbin ʻaʻaliʻi tímọ́tímọ́, wọ́n ń padà wá lọ́pọ̀ ìgbà lọ́dún. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn igi tí ẹnikẹ́ni kò rí ọmọ wọn tó hù fúnra rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún wá bẹ̀rẹ̀ sí í hù láìjẹ́ pé ẹnì kan gbìn wọ́n. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ èèyàn bọ́ sọ́wọ́ igbó fúnra rẹ̀.

Tí ẹ bá bi mí, irú àmì yìí ló yẹ ká máa wá. Iye igi tí ẹgbẹ́ kan kéde pé àwọn gbìn lọ́jọ́ kan kò sọ ohun púpọ̀ fún wa. Mélòó ló wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún? Ṣé àwọn tó wà láàyè ti ń bímọ? Ṣé omi etíkun ti mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lẹ́yìn òjò ńlá? Ìbéèrè wọ̀nyí kò ṣeé dáhùn lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò.

Iná, àti ọ̀rọ̀ owó

Ní oṣù Kejì ọdún 2020, iná ràn ní Kahoʻolawe. Koríko gbígbẹ tó ń gbé iná káàkiri ní Hawaii, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló wá láti ilẹ̀ wa níbí, ní Áfíríkà; àwọn oní-màlúù ló kó o lọ. Ó máa ń jó kíákíá, á sì tún hù kíákíá, nígbà tí igi ìbílẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn panápaná kò lè wọ inú rẹ̀ lọ nítorí bọ́ǹbù tó wà nílẹ̀. Wọ́n wò ó títí tó fi jó tán. Bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá erékùṣù náà ló lọ sí i, pẹ̀lú ibi tí wọ́n kó irinṣẹ́ ìgbìn sí. Kò pẹ́ sí i ni àrùn kòrónà dé, ìrìn àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn sì dúró.

Ìṣòro owó ti wà nílẹ̀ ṣáájú iná. Nínú 400 mílíọ̀nù dọ́là ìjọ́sí, 44 mílíọ̀nù ló tẹ àjọ ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń san owó ọkọ̀, epo, òṣìṣẹ́ àti igi fún bí ogún ọdún, títí tí àpò náà fi gbẹ. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń lọ tọrọ. Òfin Hawaii kò gba kí wọ́n fi Kahoʻolawe ṣòwò: kò sí hòtẹ́ẹ̀lì, kò sí owó ẹnu ọ̀nà. Àṣà, ẹ̀sìn, ìwádìí, ẹ̀kọ́, ìtọ́jú ilẹ̀ àti oúnjẹ òòjọ́ nìkan ló fàyè gbà níbẹ̀, títí di ọjọ́ tí wọ́n á fi fà á lé ìjọba àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Hawaii lọ́wọ́ bí irú ìjọba bẹ́ẹ̀ bá wáyé. Mo gbà pé òfin náà dára. Àmọ́ ó túmọ̀ sí pé kò sí ibòmíràn tí owó lè gbà wọlé ju àpò ìjọba àti ọrẹ àtinúwá lọ.

Àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn dín ìnáwó kù, wọn ò lè mú un kúrò. Ọkọ̀ tó ń gbé wọn ń mu epo. Àwọn tó mọ bọ́ǹbù dájú gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú wọn, iṣẹ́ oṣù sì ni wọ́n ń ṣe. Bí ìpínlẹ̀ bá gé owó ọdún kan, àsìkò òjò kan ló lọ yẹn, àwọn igi tó ń retí omi páìpù kò sì ní dúró de ọdún tó ń bọ̀.

Ní ti ìdá kan nínú mẹ́rin tí wọn kò fọwọ́ kàn, kò sí olùyọ̀ǹda kankan tó lè tẹ ibẹ̀ báyìí. Erùpẹ̀ rẹ̀ ń wọ òkun lọ lójoojúmọ́. Kíkó bọ́ǹbù ibẹ̀ kọjá agbára ìpínlẹ̀ Hawaii. Washington ló jù ú síbẹ̀, òun náà ló sì fọwọ́ sí i ní 1953 pé òun á dá ilẹ̀ náà padà bó ṣe yẹ, nítorí náà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn aṣòfin Hawaii gbọ́dọ̀ máa gbé ẹ̀bẹ̀ náà lọ.